Aláìsàn ní ó dára, nọ́ọ̀sì ní kò dára: ta ni ká gbà gbọ́?

Ìròyìn kan da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú ní Àkúrẹ́ níbí. Wọ́n bi àwọn aláìsàn léèrè nípa ilé ìlera alábọ́ọ́dé, púpọ̀ nínú wọn ní ìtọ́jú ibẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn. Wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àwọn yẹn ní iṣẹ́ náà mẹ́hẹ. Alásè ní ọbẹ̀ kò dùn, ẹni tó jẹ ẹ́ ń lá àwo. Àwọn ìbéèrè tí ẹ bi wá nìyí.

Ilé ìlera wo là ń sọ gan-an?
Sẹ́ńtà àdúgbò yín, níbi tí ọmọ ti ń gba àjẹsára. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé ó kéré tán, kí ọ̀kan tó péye wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Wọ́ọ̀dù 203 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ta ló ń parọ́ nínú wọn?
Kò sí.

Báwo ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe wá takora?
Ohun tí kálukú ń wò ló yàtọ̀. Ìyá tó pa ṣọ́ọ̀bù tì ní Ọjà Ọba ń wò ó bóyá wọ́n dá òun lóhùn dáadáa, iye tí òun san, àti ìgbà tí òun máa padà sídìí ọjà. Nọ́ọ̀sì ń wo kọ́bọ́ọ̀dù oògùn tó ṣófo, iná tó lọ, àti pé òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Ó mọ àyẹ̀wò tó yẹ kí òun ṣe tí kò ṣeé ṣe. Aláìsàn ò mọ̀ pé àyẹ̀wò yẹn wà rárá, báwo ló ṣe máa bínú pé wọn ò ṣe é?

Láti 1966 ni Avedis Donabedian, dókítà tó ṣèwádìí nípa bí ìtọ́jú ṣe dára sí, ti pín ọ̀rọ̀ yìí sí mẹ́ta: ohun èlò àti òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́jú èèyàn, àti ohun tó gbẹ̀yìn ìtọ́jú náà. Aláìsàn máa ń rí díẹ̀ nínú ìkejì.

Ṣé kì í ṣe ojú àánú ni àwọn aláìsàn fi ń wo àwọn nọ́ọ̀sì?
Ó wà níbẹ̀. Ẹnu géètì ni wọ́n sábà máa ń bi èèyàn nírú ìbéèrè yìí, káàdì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ta ló máa bú nọ́ọ̀sì tó ṣì máa gún ọmọ òun lábẹ́rẹ́ lóṣù tó ń bọ̀? Àwọn tí inú bí, wọ́n ti gba kémíìsì tàbí ìdí alágbo lọ, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n ní nǹkan kan.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé ohun tí a ń retí ti kéré jù. Ìwádìí kan jáde ní 2019, orílẹ̀-èdè 12 ni wọ́n ti ṣe é, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Wọ́n ṣàpèjúwe ìtọ́jú tí kò dára fún àwọn èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n fún un ní máàkì. Àwọn tó ní ó dára lé ní ìdajì. Àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n bi o, kì í ṣe ará abúlé tí kò rí irú ẹ̀ rí.

Ṣé kì í ṣe torí owó oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣàròyé?
Owó oṣù wà níbẹ̀ dájúdájú. Ṣùgbọ́n owó oṣù kọ́ ló ń gbé oògùn kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ṣé ìtọ́jú tó mẹ́hẹ lè pa èèyàn?
Ó ń pa wọ́n. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní 2018 pé nínú ikú mílíọ̀nù 8.6 lọ́dún tí ìtọ́jú tó péye ì bá dènà láwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, mílíọ̀nù 5 jẹ́ ti àwọn tó dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú. Mílíọ̀nù 3.6 ni ti àwọn tí kò débẹ̀.

Ṣé kí n má lọ mọ́ nìyẹn?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ má fi ìṣirò òkè yìí dúró sílé. Àwọn tí kò lọ náà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Mimiko, gómìnà Oǹdó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú aboyún tí wọ́n ń pè ní Àbíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, wọ́n ń rán òṣìṣẹ́ lọ bá aboyún nílé, kí wọ́n lè tètè mọ ẹni tó yẹ kó lọ sílé ìwòsàn ńlá.

Kí ni kí n máa ṣọ́?
Ṣé wọ́n wọn ìfúnpá aboyún, tí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò? Ṣé wọ́n gbé ọmọ sórí ìwọ̀n? Ṣé wọ́n sọ ohun tí ẹ bá rí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ sáré padà wá? Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, bí gìrì bá mú ọmọ tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ sáré gbé e lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sílé ìwòsàn ńlá kíákíá tí apá wọn ò bá ká a.

Bí wọ́n bá wá bi èmi náà léèrè ńkọ́?
Ẹ má fi "a dúpẹ́" dá wọn lóhùn. Bí oògùn ò bá sí, ẹ sọ pé kò sí, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ fi rà á ní kémíìsì.