Géèjì ti dé òdo, ṣé táǹkì ti ṣófo?

Láti Ògèrè dé Ṣágámù títí wọ Ìjẹ̀bú-Òde, níbikíbi tí táǹkì atẹ́gùn bá wà, yálà lọ́dọ̀ fọkanáísà onítírélà ni tàbí nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ọmọṣẹ́ ni pé: “Pa ẹ́ńjìnnì, wo géèjì. Tó bá ti dé òdo, tú táǹkì.” Ọ̀rọ̀ yìí ti léwu jù.

Géèjì ni aago tó ń fi agbára atẹ́gùn inú táǹkì hàn; PSI ni iye pọ́n-ùn tó ń ti ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Lójú géèjì tó ń ka dé PSI 200, PSI 5 kò ju ìlà tíńtín lọ. Òmíràn tún ní ìṣó kékeré tí ọwọ́ rẹ̀ ń sinmi lé, tí kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí agbára inú bá tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọrí táǹkì tó fẹ̀ ní ínṣì 10 láti etí dé etí gba nǹkan bí ínṣì onígun mẹ́rin 78. Pọ́n-ùn 5 ló ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 390, ó ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ, ojú ẹni tó ń tú nọ́ọ̀tì ìkẹyìn ló sì kọ sí.

Èyí tó tún burú jù ni ti ẹrẹ̀. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú atẹ́gùn agbègbè wa, pàápàá lásìkò òjò. Tí atẹ́gùn tí ẹ̀rọ kì sínú táǹkì bá ti tutù, omi á sẹ̀ sísàlẹ̀. Òun, epo ẹ̀rọ àti ìpẹtà á di ẹrẹ̀ dúdú. Ẹrẹ̀ yìí lè dí ihò tóóró tó lọ sí géèjì, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní gòkè mọ́ bí táǹkì tilẹ̀ kún. Òun náà ló ń dí ẹnu ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ omi jáde. Ẹ ṣí i, omi díẹ̀ jáde, ó ṣe “ṣíì”, ó dákẹ́. Ẹ wo géèjì, òdo. Ẹlẹ́rìí méjì ti fẹnu kò, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kan náà ló dí wọn lẹ́nu.

Nítorí náà, tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ̀rọ má baà tún kì atẹ́gùn sínú táǹkì bí ẹlòmíì bá ṣèèṣì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí. Tó bá dákẹ́, ẹ fa òrùka fáàfù ààbò, ìyẹn èyí tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí agbára inú táǹkì bá pọ̀ jù. Bí atẹ́gùn bá ń jáde níbẹ̀, a jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ti dí. Ẹ tú atẹ́gùn inú họ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú: tí fáàfù rẹ̀ bá wà ní títì, agbára tirẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, géèjì táǹkì ò sì lè mọ̀.

Ní ti ọmọrí, ẹ dẹ gbogbo nọ́ọ̀tì, ẹ má yọ ìkankan. Kí ojú tẹ̀rẹ́ẹ̀dì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi irin pẹlẹbẹ kọ́kọ́ ṣí etí tó jìnnà sí yín. Bó bá ṣe “ṣíì”, ẹ fi í sílẹ̀ kó tú tán.

Fáàfù ààbò tó bá ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi bọ́ọ̀tù dí i. Táǹkì tí ìpẹtà ti jẹ nísàlẹ̀ kọjá ohun tí wẹ́dà ń lẹ̀, torí irin tó yí ibi tó ń jò náà ká ti fẹ́lẹ́. Omi la fi ń dán táǹkì wò, kì í ṣe atẹ́gùn: omi kì í ṣe é kì mọ́lẹ̀ bí atẹ́gùn, bí irin bá sì là, omi á kàn tú jáde ni, irin ò ní fò.