Yìnyín Orí Òkè àti Iná Wẹ́dà, Ọkan Náà Ni Wọ́n Lójú

Aago mẹ́fà ìdájí ọjọ́ Sunday ni ìyá kan tí mo ń tọ́jú ojú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí pè mí jí. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, ń kérora lórí fóònù kejì. Lọ́dọ̀ tiwọn, aago mẹ́wàá alẹ́ Saturday ni. Ojú ń ta á bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn sí i, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, kò sì lè wo iná. Ìyá ní àpólò ni. Wòlíì wọn ní òrìṣà òkè ló bínú sí i. Wọ́n tilẹ̀ ti ní kó fi omi ṣúgà kán an.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi ọmọ náà: "Níbo lo lọ lónìí?"

"Òkè Rainier ni, sà. Àwa àti àwọn ará ibiṣẹ́ mi ni."

Mi ò bi í léèrè mọ́. Ọdún 16 ni mo ti ń wo ẹyinjú, mo sì mọ ìyẹn láìfi iná wò ó. Àpólò máa ń yọ ìpin, ó sì máa ń ràn. Èyí kò yọ ìpin, kò sì ran ẹnikẹ́ni. Oòrùn ló jó o lójú.

Mítà 4,392 ni òkè yẹn ga. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan kì í dé ṣóńṣó rẹ̀. Láti Paradise, ibì kan lára òkè náà tó ga tó nǹkan bí mítà 1,650, ni wọ́n ti ń gbéra lọ sí Camp Muir, ibùdó àwọn tó ń gun òkè, tó ga ju mítà 3,100 lọ. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní ìgbà ooru wọn, òdòdó àti òkúta lẹ máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà yìnyín ló kù títí dé òkè, èyí tí Bíbélì wa pè ní òjò dídì. Ọ̀rọ̀ bàtà, omi àti aṣọ òtútù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ojú ni tèmi.

Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú kì í rí, UV ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn bá ṣe ń gun mítà 1,000, ó ń fi nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Yìnyín tuntun sì lè dá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ padà sókè, nígbà tí koríko kì í dá tó ìdá 10. Ọmọ yìí dé fìlà o! Fìlà dí ti òkè, ti ilẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó ní oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ lòun bá dàgbà, kí ni ti òyìnbó fẹ́ fi òun ṣe? Gbogbo ìgbà ooru ni mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, ó sì ti sú mi.

Ẹ bi wẹ́dà èyíkéyìí ní Sábó. Bó bá jó irin lọ́sàn-án láìlo gíláàsì, òru ni ojú yóò tó jí i. Ìtànṣán kan náà ni. Kì í dunni lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹni tí wọn yóò dì í rù.

Ẹ jọ̀ọ́, gíláàsì dúdú nìkan kọ́ ni ààbò. Mo tún un sọ: dúdú kọ́! Bí gíláàsì bá dúdú tí kò sì dá UV dúró, ọmọlójú yóò là gbàràgà nínú òkùnkùn yẹn, ìtànṣán yóò sì rọ́ wọlé ju ti ẹni tí kò wọ nǹkan kan lọ. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ UV400 sí, ìyẹn èyí tó ń dá UV dúró, kó sì bo ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì. Àwọn kan ń lẹ UV400 mọ́ èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀rọ mi yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jókòó tán. Mi ò gba kọ́bọ̀. Ẹ má bọ́ ọ nítorí kùrukùru, UV ń gba inú ìkùukùu kọjá.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, yàrá tó ṣókùnkùn, aṣọ tútù lórí ìpéǹpéjú, oògùn ìrora tí a ń gbé mì. Ẹ má ra ojú. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, yóò san fúnra rẹ̀. Èyí ló ń gbé àwọn tó ń kán omi ìgbín àti omi ọmú sáyé: ojú ti fẹ́ san tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gba ìyìn rẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tàbí tí ìríran ń ṣú, kó lọ rí dókítà ojú.

Ìyá wá ní, "Dókítà, ẹ kọ oògùn tí wọ́n ń kán sójú yẹn fún un, èyí tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora. Ọmọ àbúrò mi rà á ní kẹ́mísìtì." Mo kọ̀ jálẹ̀. Inú yàrá àyẹ̀wò la ti ń lo ìyẹn, ẹ̀kán kan péré, a kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni lọ sílé. Kì í wo ojú sàn. Ó ń mú kí ojú má mọ̀ pé òun ń kú.

Ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà kan ló fi yé mi dáadáa. Iná jó o lójú, ẹnìkan ta ìgò oògùn yẹn kan fún un. Bó bá ti ń ta á, á kán an, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ ń lọ, ìrora kò sí. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ mú un wá, awọ tó mọ́ gara níwájú ẹyinjú ọ̀tún ti jẹrà, ó funfun bí ẹyin sísè. Ọmọ ọdún 19 ni. Mo na ìka mẹ́ta sí i, ó ní ọwọ́ lòun rí, òun ò mọ iye ìka.

Ti Seattle là lọ́jọ́ Tuesday.