Ìṣirò Tó Wà Nídìí Rírà Ìràwọ̀ Agbábọ́ọ̀lù

Tí ìròyìn bá gbòde pé kíláàbù kan fi 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ra agbábọ́ọ̀lù, iye yẹn ni gbogbo ẹnu ń pè. Nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣírò owó, ojú tí wọ́n fi ń wò ó yàtọ̀. Wọn kì í kọ 100 mílíọ̀nù náà sílẹ̀ bí ìnáwó ọdún kan. Iye ọdún tó wà nínú àdéhùn ni wọ́n ń pín in sí. Bó bá tọwọ́ bọ̀wé ọdún márùn-ún, 20 mílíọ̀nù ló máa hàn nínú ìwé lọ́dọọdún. Owó iṣẹ́ rẹ̀ tún ń bọ̀ lẹ́yìn: 300,000 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 52, jẹ́ 15.6 mílíọ̀nù. Gbogbo rẹ̀ di 35.6 mílíọ̀nù lọ́dún kan, a ò sì tíì ka owó aṣojú rẹ̀, owó ìtọwọ́bọ̀wé àti àjẹmọ́nú orí góòlù mọ́ ọn.

Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tà á ni wàhálà máa ń yọjú. Lẹ́yìn sáà méjì, 40 mílíọ̀nù ti kúrò nínú ìwé, ó ku 60. Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá mú 40 wá, owó gidi wọlé lóòótọ́, àmọ́ àdánù 20 mílíọ̀nù ni ìwé ọdún yẹn máa fi hàn. Ìdí nìyí tí ìràwọ̀ kan á fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kíláàbù rẹ̀ ò sì ní tà á. Wọ́n á kúkú yá a fún ẹlòmíràn, wọ́n á jọ máa san owó iṣẹ́ rẹ̀, títí iye tó kù nínú ìwé á fi wálẹ̀.

Àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá fi agbábọ́ọ̀lù ṣe pàṣípààrọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ní Oṣù Kìíní 2018, Manchester United gba Alexis Sánchez lọ́wọ́ Arsenal, wọ́n sì fi Henrikh Mkhitaryan dípò rẹ̀. Kò sí owó ìrà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n Sánchez ti pé ọmọ ọdún 29, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ga jù ní Premier League, líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Góòlù márùn-ún péré ló gbá wọlé fún United nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 45. Nígbà tó di 2019, Inter ni wọ́n yá a fún. Lọ́dún kejì ó lọ síbẹ̀ pátápátá, láìsí owó ìrà. Irú owó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tún ń ran àwọn tó kù. Aṣojú àwọn yòókù á ti gbọ́ iye tí ẹni tuntun ń gbà, ìyẹn náà sì ni wọ́n á máa tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá jókòó láti tún àdéhùn ṣe.

Ti Barcelona ló ṣe kedere jù. Ní Oṣù Kẹjọ 2017, PSG, kíláàbù ìlú Paris, san 222 mílíọ̀nù yúrò tí àdéhùn Neymar dá pé kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ san, Barcelona ò sì lè kọ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjà ti mọ̀ pé owó wà lápò wọn. Ẹni tí gbogbo ìyálọ́jà mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, wọn kì í dín owó ọjà fún un. Dortmund gba 105 mílíọ̀nù yúrò lórí Ousmane Dembélé, yàtọ̀ sí àfikún. Nígbà tó di Oṣù Kìíní 2018, Liverpool ta Philippe Coutinho fún wọn ní iye tó lè dé 142 mílíọ̀nù pọ́n-ùn bí gbogbo àfikún bá pé.

Kì í ṣe pé Coutinho ò mọ bọ́ọ̀lù. Ibi tó máa ń fẹ́ ti gba bọ́ọ̀lù, láàárín pápá, níwájú àwọn dífẹ́ńdà, Messi ti wà níbẹ̀. Wọ́n tì í sí ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí wọ́n ti nílò ẹni tó lè sáré gba ẹ̀yìn dífẹ́ńdà kọjá, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 2019 wọ́n yá a fún Bayern Munich. Lóṣù Kẹjọ 2020, Bayern na Barcelona ní 8-2 nílùú Lisbon. Coutinho wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, ó sì gbá méjì sínú àwọ̀n kíláàbù tó ṣì ń jẹ́ tirẹ̀. Liverpool ní tiwọn ti mọ ibi tí ilé wọn ti ń jò. Nínú oṣù tí Coutinho lọ náà ni Virgil van Dijk dé, ní 75 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, kí wọ́n tó lọ ra aṣọ́lé Alisson lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n gba Champions League ní 2019, wọ́n gba líìgì ní 2020.

Owó ńlá nìkan kọ́ ni àṣìṣe, ọjọ́ orí ló ń yí ìṣirò padà. Victor Osimhen jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà tí Napoli rà á lọ́wọ́ Lille ní 2020, ní nǹkan bí 70 mílíọ̀nù yúrò. Ó gbá góòlù 26 wọlé ní Serie A, líìgì ilẹ̀ Ítálì, ní sáà 2022–23, Napoli sì gba líìgì náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1990. Ní 2025, Galatasaray san 75 mílíọ̀nù yúrò lórí rẹ̀. Napoli lò ó, wọ́n sì tún rí owó wọn gbà padà. Òfin FIFA tún yọ 5% sọ́tọ̀ lórí irú ọjà tó bá ti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, fún àwọn tó tọ́ agbábọ́ọ̀lù náà láti ọmọ ọdún 12 sí 23: 0.25% fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15, 0.5% láti 16 sí 23. Ká ní àkádẹ́mì kan l'Ékòó ló tọ́ ọmọ kan nígbà tó wà ní 16 àti 17, 1% ni tiwọn. Lórí 75 mílíọ̀nù, 750,000 yúrò nìyẹn. Bí wọn ò bá forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, owó yẹn lè kọjá lójú wọn.

Chelsea gbìyànjú láti dín ẹrù ọdọọdún kù ní 2023. Wọ́n fún Enzo Fernández ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ àbọ̀ lórí 106.8 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, ó wá di nǹkan bíi 12.6 mílíọ̀nù lọ́dún dípò 21.4. UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, ti ilẹ̀kùn yẹn lọ́dún náà: wọn ò gbà kí kíláàbù pín owó ìrà kọjá ọdún márùn-ún mọ́. Premier League tẹ̀ lé wọn ní Oṣù Kejìlá. Ọ̀rọ̀ òfin kì í ṣe eré: kíláàbù Premier League ò gbọdọ̀ pàdánù ju 105 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ láàárín ọdún mẹ́ta nígbà náà. Everton pàdánù pọ́ìntì mẹ́wàá ní Oṣù Kọkànlá 2023 kó tó di mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n pẹjọ́, Nottingham Forest sì pàdánù mẹ́rin ní 2024.

Ẹ̀wù ni àwọn alátìlẹyìn máa ń fi gbèjà gbogbo èyí, pé títà rẹ̀ á dá owó padà. Ilé iṣẹ́ tó ń rán ẹ̀wù ló ń kó èyí tó pọ̀ jù. Ká ní 10% ló kan kíláàbù lórí ẹ̀wù 80 pọ́n-ùn, 8 pọ́n-ùn ni. Mílíọ̀nù kan ẹ̀wù á mú 8 mílíọ̀nù wá, ìyẹn á san owó iṣẹ́ ìràwọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á ì bá sì ti ra ẹ̀wù sáà náà bó ti wù kó rí, pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀.