Ṣé géèmù àti fíìmù ló ń sọ ọ̀dọ́ di apààyàn?

Bí ìròyìn bá ti jáde pé ọ̀dọ́kùnrin méjì pa èèyàn, tí wọ́n sì ti na pápá bora, ẹjọ́ náà kì í pẹ́ parí ní Àkúrẹ́. Ọlọ́pàá ò tíì kúrò níbi tí òkú wà tí wọ́n á ti dá a tán ní ṣọ́ọ̀bù bábà ní Arákalẹ̀, àti nínú mọ́tò tó ń lọ láti Ọjà Ọba sí yunifásítì FUTA: fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Géèmù tí wọ́n fi ń yìnbọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Ẹlòmíì á ní fíìmù ni, ẹlòmíì á ní Facebook ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, mo sì ti gbọ́ ọ lórí rédíò, tí ẹni tó ń sọ ọ́ ki ohùn mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣe ìwádìí rẹ̀.

Ó ní ohun tó fi jọ òótọ́. Bí wọ́n bá tú yàrá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wò, wọn a máa bá géèmù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin mélòó ni kì í gbá géèmù nílùú yìí? Ẹ yà sí ilé géèmù èyíkéyìí lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde, ẹ ó bá wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń du páàdì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí gbogbo wọn jọ ń ṣe kò lè jẹ́ àlàyé fún ohun tí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo ayé gbọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ní àríwá British Columbia lórílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n bá òkú ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọsirélíà kan àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà, lẹ́bàá títì tó lọ sí Alaska, níbi tí ọkọ̀ wọn ti kọṣẹ́. Wọ́n yìnbọn pa wọ́n ni. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ibi tó jìnnà sí ibẹ̀, wọ́n tún rí òkú bàbá ẹni ọdún 64 kan tó ń kọ́ni nípa ewéko ní yunifásítì. Ọkọ̀ kan ti jóná kù síbẹ̀ nítòsí. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà jẹ́ ọmọ ọdún 18 àti 19, ọ̀rẹ́ láti kékeré, ará ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Port Alberni. Wọ́n ti sọ fún àwọn ará ilé wọn pé iṣẹ́ ni àwọn ń wá lọ. Ọlọ́pàá kọ́kọ́ rò pé àwọn náà ti kàgbákò, wọ́n kéde wọn bí ẹni tó sọ nù. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni ọ̀rọ̀ yí padà: wọ́n ní àwọn gan-an ni afurasí.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ti wakọ̀ sá dé Manitoba, ọ̀nà tó ju 3,000 kìlómítà lọ, wọ́n sì ti dáná sun ọkọ̀ kejì. Ọlọ́pàá àti ọkọ̀ òfurufú ológun wá wọn ká inú igbó ẹlẹ́rẹ̀ tó kún fún ẹ̀fọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ni wọ́n rí òkú àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Nelson. Wọ́n ti gba ẹ̀mí ara wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń wá wọn, àwọn oníròyìn ti rí ìdí. Ọ̀kan nínú wọn máa ń gbá géèmù ogun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní àwòrán àmì ẹgbẹ́ Nazi lójú ìwé tó fi ń gbá a. Ó tán, géèmù ni, Hitler ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, tí ọlọ́pàá gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde, ohun tó wà níbẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ọmọ náà ti ya fídíò mẹ́fà kí wọ́n tó kú. Wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn làwọn pa èèyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò kábàámọ̀, wọn ò sì sọ ìdí kankan. Ọlọ́pàá tó wo gbogbo rẹ̀ tán ò lè sọ ohun tó fà á, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ka ìròyìn lórí fóònù ní Ìjàpọ̀, ládùúgbò wa ní Àkúrẹ́, ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀rọ̀ géèmù wò. Lọ́dún 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, adájọ́ méje sí méjì, wọ́gi lé òfin California tó fẹ́ dènà títa géèmù ìjà fún ọmọdé. Wọ́n ní ẹ̀rí tí ìjọba kó wá kò fi hàn pé géèmù ló ń mú ọmọ hùwà ipá. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ti Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2015 pé géèmù ìjà lè mú kí ọmọ máa kanra tàbí kó máa jágbe mọ́ èèyàn, àmọ́ ẹ̀rí ò tó láti so ó mọ́ ìwà ọ̀daràn. Lọ́dún 2020 wọ́n tún un sọ, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn olóṣèlú àti oníròyìn pé kí wọ́n yé fi géèmù bo ọ̀rọ̀ ìpànìyàn mọ́lẹ̀. Ní yunifásítì Oxford, lọ́dún 2019, wọ́n bi àwọn ọmọ ọdún 14 àti 15 tó lé ní 1,000 léèrè ohun tí wọ́n ń gbá, wọ́n sì bi àwọn òbí wọn léèrè bí ìwà wọn ṣe rí. Wọn ò rí ohun tó so géèmù ìjà pọ̀ mọ́ ìwà jàgídíjàgan.

Láti àárín ọdún 1990 síwájú, géèmù gba gbogbo ilé ní Amẹ́ríkà. Láàárín àkókò yẹn náà ni iye àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mú fún ìwà ipá já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹ tún wo ọmọkùnrin tó pa àwọn ọmọléèwé ní Connecticut lọ́dún 2012. Àbọ̀ ìwádìí ìjọba sọ pé ọ̀kan nínú géèmù tó fẹ́ràn jù, tó máa ń lo wákàtí púpọ̀ lé lórí, jẹ́ géèmù ijó. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní ijó ló fà á.

Èmi ò sọ pé kí ọmọ ọdún mẹ́jọ jókòó ti géèmù tí wọ́n kọ 18 sára páálí rẹ̀ o. Ohun tó lè da oorun ọmọ rú, tó lè jẹ àkókò ìwé rẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí ká ní òun ló ń sọ ọ́ di apààyàn.

Nílẹ̀ wa níbí, Facebook àti fíìmù oògùn owó ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi ju géèmù lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ọwọ́ tẹ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Abẹ́òkúta, tí èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ọlọ́pàá ní wọ́n pa ọmọbìnrin kan, wọ́n sì ń sun orí rẹ̀ nínú ìkòkò. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún àwọn oníròyìn pé orí Facebook ni òun ti wá bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn owó. Gbogbo ìlú dì mọ́ gbólóhùn yẹn. Ó di pé ká ti Facebook pa, ká fòfin de fíìmù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò lórílẹ̀-èdè yìí kéde ìlànà tuntun tó lòdì sí gbígbé oògùn owó lárugẹ nínú fíìmù, nínú fídíò orin, àti nínú síkíìtì.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ tó tẹ ìbéèrè nípa oògùn owó sórí Facebook ti gbà tẹ́lẹ̀ pé orí èèyàn ń pọ owó. Fóònù ò kọ́ ọ nìyẹn. Ó gbọ́ ọ nílé, ó gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tó ń tọ́ka sí ilé alájà méjì pé “ṣé ojú lásán lẹ rò pé ìyẹn?” Ọ̀nà ló lọ wá, ìdí ti wà lápò rẹ̀. Lọ́dún 1996, ní Òwerrì, wọ́n pa ọmọkùnrin ẹni ọdún 11 kan ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gé orí rẹ̀, ìlú sì dàrú. GSM ò tíì dé Nàìjíríà nígbà yẹn. Ọdún 2001 ló dé. Àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ níbẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọdé.

Ìbéèrè tí a kì í sábà gbọ́ ni pé: ta ló fẹ́ gba orí náà? Nínú irú ẹjọ́ yìí, àgbàlagbà kan sábà máa ń wà tó sọ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, tó sì ń dá iye lé e. Bí a bá ń pariwo Facebook, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbádùn afẹ́fẹ́ lábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Kí ló wá ń fà á? Kò sí ohun kan ṣoṣo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ipá láàárín àwọn ọ̀dọ́ sí ohun ńlá: nǹkan bí 190,000 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 29 ni wọ́n ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé. Àwọn ohun tí àjọ náà tọ́ka sí kò ní ariwo nínú: ilé tí wọ́n ti ń lu ọmọ bí ẹni lu bàrà, tàbí tí ọmọ ti ń rí i bí bàbá ṣe ń lu ìyá; òbí tí kò mọ ibi tí ọmọ wà; ọtí àti oògùn líle láti kékeré; ọ̀rẹ́ tó ti ń hùwà ọ̀daràn; ohun ìjà tó wà nítòsí; àìríṣẹ́ṣe àti ìṣẹ́. Ní Oǹdó, a ò gbọdọ̀ fojú kékeré wo oògùn. Ìwádìí tí ìjọba gbé jáde lẹ́yìn ọdún 2018 sọ pé ní Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù, nǹkan bí 22 nínú èèyàn 100 ló ti lo oògùn líle láàárín ọdún kan, iye tó ga ju ti gbogbo agbègbè yòókù lọ. Igbó mímu tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn líle, ń jó nínú àwọn igbó ọba wa kì í ṣe ìtàn. Síbẹ̀, ẹ má sọ igbó di géèmù tuntun. Ọ̀pọ̀ tó ń mu ún ò pa ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo rò pé a ń gbójú fò jù ni ọ̀rọ̀ èèyàn méjì. Ọmọ kan lè ní ìbínú lọ́kàn fún ọdún mẹ́ta kó má ṣe nǹkan kan. Bó bá rí ẹnì kejì tó ń gbọ́ ọ, tí kò já a, tó tún ń fi tirẹ̀ kún un, ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yóò di ètò. Ẹni àkọ́kọ́ ò fẹ́ kí ẹnì kejì pè é ní ojo, ẹnì kejì náà ò fẹ́. Àwọn tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ti mú lọ́mọ mọ bó ṣe ń rí.

Òkìkí tún wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá Kánádà kọ̀ láti gbé fídíò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde. Wọ́n ní ó jọ pé àwọn ọmọ náà ń wá òkìkí, àti pé fífi í hàn lè mú kí ẹlòmíì fẹ́ ṣe bíi tiwọn. Tiwa kọ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, fídíò afurasí tó ń jẹ́wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, á ti yí gbogbo WhatsApp ẹbí ká kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó sì ń fi ṣọwọ́ ni àwọn tó ń ní géèmù ló ba ọmọ jẹ́.

Ìgbàgbọ́ kejì tó tẹ̀ lé e: “bí wọn ò bá mọwọ́ mẹsẹ̀, kí ni wọ́n ń sá fún?” Ní Àkúrẹ́ tiwa yìí, ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, EFCC ya wọ ilé fàájì kan lóru, wọ́n kó ọ̀dọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ariwo náà pọ̀ débi pé ọ̀gá àgbà EFCC tún pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ irú iṣẹ́ òru bẹ́ẹ̀ dúró. Ọmọ tó bá gbé nílùú tí wọ́n ti ń kó èèyàn báyìí á sá tó bá rí Hilux, ì báà jẹ́ búrẹ́dì ló wá rà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36(5), ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sí aláìjẹ̀bi títí ilé ẹjọ́ á fi sọ pé ó jẹ̀bi, sísá ò sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà ló ṣe é pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2002. Wọ́n yẹ ọ̀ràn 37 wò níbi tí ọmọ ti kọlu ilé-ìwé. Nínú àwọn ọmọ náà, 12 nínú 100 ló fẹ́ràn géèmù ìjà. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kọ nǹkan nípa ipá sínú ìwé jẹ́ 37 nínú 100. Nínú nǹkan bíi 8 nínú ọ̀ràn 10, ẹnì kan ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà ń gbèrò nǹkan. Ẹni tó mọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀: ọ̀rẹ́, ọmọ kíláàsì, àbúrò.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá délé tó ní, “Mọ́mì, lágbájá kíláàsì wa ń sọ pé òun máa gún ẹnì kan,” ohun tí a sábà ń sọ fún un ni pé kó panu dé, kó má kó wa sí wàhálà. Ẹ̀rù náà ní ìdí; ẹni tó mẹ́jọ́ lọ sí tésàn mọ̀ pé òun náà lè sùn síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ilé-ìwé ní ẹni tí ọmọ lè bá sọ ọ́ tí orúkọ rẹ̀ ò ní jáde. Ẹ bi ọmọ yín lálẹ́ yìí pé ta ni tíṣà yẹn nílé-ìwé wọn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé nípàdé PTA.