Cave Story

Cave Story, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ní Japan ń jẹ́ Dōkutsu Monogatari, ìyẹn Ìtàn Ihò, jẹ́ géèmù orí kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan ṣoṣo ṣe. Orúkọ ẹni náà ni Daisuke Amaya, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Pixel. Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2004 ló gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún Windows, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń wo ayé inú rẹ̀: akọni ń sáré, ó ń fò láti orí pèpéle kan bọ́ sórí òmíràn, ó ń yìnbọn, ó sì ń tú ihò abẹ́lẹ̀ wò láti iyàrá dé iyàrá. Amaya mọ̀ọ́mọ̀ ya àwòrán rẹ̀, ó sì kọ orin rẹ̀ bíi ti géèmù ayé àtijọ́. Metroid, tí Nintendo gbé jáde ní ọdún 1986, wà lára àwọn tó wò kọ́ṣẹ́.

Àpilẹ̀kọ yìí tú àṣírí géèmù náà síta láti ìdajì lọ. Ẹni tí kò tíì gbá a rárá lè fẹ́ dúró níbi abala tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìpinnu.

Bí ó ṣe dé ayé

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni Amaya wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọdún márùn-ún ló gbà á, nítorí àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ nìkan ló fi ń ṣe é. Ó ti ṣe ẹ̀dà kan dé ibi tó jìn kó tó dà á nù, tó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ kóòdù, òun ló ya gbogbo àwòrán, òun ló hun ìtàn. Orin inú rẹ̀ náà, irinṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, tó pè ní Org Maker, ló fi kọ ọ́.

Ojú ìwòran géèmù náà jẹ́ píkísẹ́lì 320 ní ìbú àti 240 ní òró. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi tò ayé rẹ̀ jẹ́ 16 sí 16, èyí tó fi hàn pé búlọ́ọ̀kù 20 péré ló lè hàn láti apá òsì dé apá ọ̀tún, àti 15 láti òkè délẹ̀. Àwòrán 50 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó yẹ kí ẹni tó ń gbá a fi iye yìí sọ́kàn, torí pé bí akọni bá dúró láàárín, bíi búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá ló ń rí níwájú. Ọ̀tá tó bá ń sáré bọ̀ á ti súnmọ́ tòsí kó tó yọjú, ẹni tó bá sì ń já bọ́ láti òkè kì í rí ẹgún tó wà nísàlẹ̀ àfi tó bá kù díẹ̀ kó dé orí rẹ̀.

Ìtàn inú rẹ̀

Róbọ́ọ̀tì kan tí kò rántí ohunkóhun jí nínú ihò. Inú erékùṣù tó léfòó lójú sánmà ni ihò náà wà. Àwọn Mimiga, tí wọ́n jọ ehoro, ló ń gbé ibẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà ti dé adé àjẹ́ kan, ó sì ń kó àwọn Mimiga lọ kó lè fi òdòdó pupa bọ́ wọn. Mimiga tó bá jẹ òdòdó yìí á ya wèrè, á sì di ohun ìjà fún un. Orúkọ róbọ́ọ̀tì náà ni Quote, ṣùgbọ́n ọ̀nà á ti jìn kí ẹnikẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í fọhùn. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó yí i ká ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín, ìdí nìyẹn tí ikú wọn fi máa ń dun ẹni tó ń gbá a.

Fífò, yíyìnbọn àti òkúta ìyeyè

Lórí kíbọ́ọ̀dù, Z ni fífò, X ni yíyìnbọn, A àti S ni fífi ìbọn kan pààrọ̀ òmíràn, Q ń ṣí àpò ẹrù, W sì ń ṣí máàpù. Bí a bá tẹ Z fẹ́rẹ́, akọni á fò díẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fò ga. Ó lè yìnbọn sókè nígbàkigbà, ṣùgbọ́n kò lè yìn ín sísàlẹ̀ àfi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀. Lójú afẹ́fẹ́, akọni ṣì ń gbọ́ràn dáadáa: a lè dá a padà sẹ́yìn lẹ́yìn tó ti fò. Fífò tó gbọ́ràn yìí ni ohun tó dára jù nínú géèmù náà, òun ni kò jẹ́ kí àwọn ibi tó le dà bí ìyànjẹ.

Ìbọn kọ̀ọ̀kan ní ìpele mẹ́ta. Ọ̀tá tó bá kú á fi òkúta onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè sílẹ̀, ìbọn tó wà lọ́wọ́ akọni nígbà tó ń ṣa òkúta náà ló sì ń gba agbára rẹ̀. Àwọn yòókù tó wà nínú àpò kò rí nǹkan kan gbà. Bí ọ̀tá bá bà á, agbára ìbọn ọwọ́ rẹ̀ á dínkù, ìbọn náà sì lè já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ibí yìí ni ìbínú àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ń ṣubú lọ ni wọ́n tún ń tì. Ẹ̀mí ti ń tán lọ, ìbọn náà tún ti rọ, ọ̀tá sì wà níbẹ̀ digbí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń fi ìbọn tí wọn kò nílò sọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gba ibi tí wọ́n mọ̀ pé wọn kò ní ṣàìfarapa, kí àdánù lè bọ́ sórí ìyẹn. Wọ́n á wá pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣa òkúta. Òkúta kì í sì í pẹ́ nílẹ̀ kó tó pòórá, nítorí náà kò ṣeé fi sílẹ̀ di ìgbà tí ogun bá parí.

Amaya dorí òfin yìí kodò nínú ìbọn kan tó ń jẹ́ Nemesis. Ìpele kìíní ni èyí ti lágbára jù. Bó bá dé ìpele kẹta, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà ló ń yìn. Ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ máa sá fún òkúta tó ti ń fi gbogbo ara wá kiri látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀mí mẹ́ta péré ni akọni fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgún a máa gba mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, torí bẹ́ẹ̀ ẹgún ihò àkọ́kọ́ kò ní ọ̀rọ̀ àwáwí, ikú ni. Àwọn kápúsù tó fara pamọ́ káàkiri ló ń mú kí àyè ẹ̀mí pọ̀ sí i. Bí akọni bá wọ inú omi, nọ́ńbà kan á yọ lójú ìwòran, á bẹ̀rẹ̀ láti 100, á sì máa lọ sílẹ̀. Tó bá di òdo, akọni ti kú sómi nìyẹn. Ikú kankan kò ní ibi ìdúró láàárín ọ̀nà: ibi tí èèyàn ti tọ́jú eré gbẹ̀yìn, níbi àmì tó dà bíi dísíkì, ló ń padà sí. Àwọn àmì yìí pọ̀ tó níbi púpọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀tá ńlá ń sọ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ á tún wáyé lẹ́yìn ikú kọ̀ọ̀kan. Títẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ ń mú ọ̀rọ̀ náà yára, kò kàn lè fò ó kọjá pátápátá.

Rírìn lọ rírìn bọ̀

Wọ́n máa ń ka Cave Story mọ́ àwọn géèmù tí èèyàn ti ń tú ayé kan ṣoṣo tó so kọ́ra wò, àmọ́ òmìnira inú rẹ̀ kò pọ̀ tó bí orúkọ yẹn ṣe ń mú kéèyàn rò. Agbègbè kan ló ń tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ̀rọ tó wà nílé Arthur, ní abúlé àwọn Mimiga, ló ń gbé akọni lọ sí púpọ̀ nínú wọn. Máàpù tí W ń ṣí, ibi tí akọni dúró sí lásìkò náà nìkan ló ń fi hàn. Kò sí èyí tó fi gbogbo erékùṣù hàn pa pọ̀.

Agbègbè méjì ló ń rẹ àwọn èèyàn jù. Ní Grasstown, kí wọ́n tó lè fọ́ ilẹ̀kùn tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Kazuma há sí lẹ́yìn, wọ́n ní láti wá nǹkan mẹ́ta tí róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Malco máa fi ṣe bọ́ǹbù: omi ara jẹ́lífíìṣì, èédú àti gọ́ọ̀mù. Omi jẹ́lífíìṣì náà ni wọ́n tún ń fi pa iná ààrò kí wọ́n tó rí èédú, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa wá a. Ní ilẹ̀ oníyanrìn, ọmọ ajá márùn-ún ti ya kúrò lọ́dọ̀ arúgbó kan tó ń jẹ́ Jenka, ọ̀kan ṣoṣo sì ni akọni lè gbé lórí lẹ́ẹ̀kan. Ìrìn àjò márùn-ún nìyẹn, lọ àti bọ̀, lórí ilẹ̀ kan náà. Ọ̀tá tí wọ́n pa lálọ á ti jí dìde kí wọ́n tó bọ̀. Èyí ń jẹ́ kí wọ́n rí òkúta ṣà fún ìbọn, àmọ́ ó dájú pé ibẹ̀ ni géèmù náà ti fa gùn jù bó ṣe yẹ.

Àwọn ìpinnu tí géèmù kò kéde

Ìjà kọ́ ló ń bí àwọn èèyàn nínú jù nínú Cave Story. Géèmù náà máa ń fi ìpinnu ńlá síwájú ẹni láìsọ pé ìpinnu ni, kò sì sí ọ̀nà àtipadà àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ eré látìbẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti ìbọn. Nínú ihò àkọ́kọ́, akọni mú ìbọn kan tó ń jẹ́ Polar Star nílé alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ń sùn. Ní ilẹ̀ oníyanrìn, Curly Brace, róbọ́ọ̀tì bíi tirẹ̀, á fi Machine Gun lọ̀ ọ́ pé kí àwọn ṣe pàṣípààrọ̀. Ọjà náà dára lójú: Machine Gun ń yìn láìdúró, ọta rẹ̀ ń padà fúnra rẹ̀, ní ìpele kẹta sì rèé, bí akọni bá yìn ín sísàlẹ̀, agbára rẹ̀ á gbé e lọ sókè. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé Polar Star ni wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ Fireball, ìbọn mìíràn, ní agbègbè tó ń jẹ́ Labyrinth láti fi ṣe ìbọn tó ń jẹ́ Snake. Òun náà ni alágbẹ̀dẹ yẹn, tó bá jí, máa ń tún rọ di Spur, ọ̀kan lára àwọn ìbọn tó lágbára jù. Ẹni tó bá fẹ́ Spur gbọ́dọ̀ kọ ohun tí Curly fi lọ̀ ọ́, kó má gbà láti fi Polar Star ṣe Snake, kó sì gbé e padà lọ fún ẹni tó ni ín nígbà tí eré bá ń sún mọ́ òpin.

Èkejì ló gbóná jù. Nínú Labyrinth, Ọ̀jọ̀gbọ́n Booster já bọ́ láti òkè. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àánú á súré lọ bá a. Bó bá bá a sọ̀rọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n á fún un ní ẹ̀rọ ìfò Booster v0.8, á sì kú. Ohun tó tọ́ ni kéèyàn má yà sọ́dọ̀ rẹ̀: kó sáré láti etí àpáta, kó tẹ Z mọ́lẹ̀ ní bèbè gan-an, kó sì fo kòtò náà kọjá. Fífò yìí há tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ fi rò pé kò ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ṣe é á bá Booster láàyè nílé Arthur lẹ́yìn náà, á sì gba v2.0, tó ń gbé akọni lọ sókè, sísàlẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú géèmù náà tó tọ́ka sí èyí ṣáájú. Àwọn kan gbóríyìn fún un pé ó dà bí ayé gidi, níbi tí inú rere ti lè ṣeni léṣe. Ẹ̀tàn lásán ni lójú àwọn mìíràn, ó sì ṣòro láti dá wọn lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ Curly fúnra rẹ̀ ló kù. Kí akọni tó kúrò ní iyàrá Core, ẹ̀dá ńlá tó ń mú kí erékùṣù léfòó, ó gbọ́dọ̀ ti mú okùn ìfà tó wà níbẹ̀, èyí tí kì í yọjú fún ẹni tó bá ti bá Booster sọ̀rọ̀. Okùn yìí ló máa fi gbé Curly tó ti dákú. Nígbà tí wọ́n bá dé ilé kékeré inú ojú omi, ó ní láti tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, kó fa omi kúrò lára rẹ̀, kó sì rántí gbé e padà kó tó jáde. Bó bá gbàgbé ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ibẹ̀ ni Curly parí sí. Bó bá gbà á là, á tún bá a pàdé níwájú láìrántí nǹkan kan. Olú kan tó ń jẹ́ Ma Pignon, nínú itẹ́ òkú àwọn Mimiga, ló ń dá iyè rẹ̀ padà.

Ìparí mẹ́ta

Ní ìparí kìíní, akọni gun dírágónì pẹ̀lú Kazuma, ó sì fi erékùṣù sílẹ̀ fún Dókítà. Ní èkejì, á bá àjẹ́ tó ń jẹ́ Misery, Dókítà àti Undead Core jà tẹ̀ léra láìsí ibi ìtọ́jú eré láàárín wọn, á sì sá jáde kí erékùṣù tó wó. Ẹ̀kẹta kò sí fún ẹni tí kò bá gba ọ̀nà tí a ti ṣàlàyé sókè yìí. Nígbà tí erékùṣù ń wó lọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á yà sínú ilé kékeré tó wà ní òkè, á tọ́jú eré rẹ̀, á sì wọ ihò lọ síbi tí Ballos, ọ̀tá ńlá ìkẹyìn, wà.

Ibi tó le jù nínú géèmù náà nìyẹn. Kò sí ibi ìtọ́jú eré láti ẹnu ọ̀nà títí dé òpin. Ẹgún wà lápá òsì àti ọ̀tún, òkúta ńláńlá ń já bọ́ láti òkè, ọ̀tá ńlá kan tó ń jẹ́ Heavy Press dí ọ̀nà, Ballos fúnra rẹ̀ sì ní ìpele mẹ́rin tí wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kú ní ìpele kẹrin á padà sínú ilé kékeré yẹn. Ohun tó máa ń pa àwọn èèyàn níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ Ballos; ẹ̀mí tí wọ́n ti ná sórí ẹgún ṣáájú ni. Nítorí náà, ó sàn kéèyàn fara balẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́, kó lo Booster v2.0 ní ìdákúdàá dípò kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí agbára rẹ̀ á fi tán, kó sì fi ohun ìjà tó ní ọta sílẹ̀ di ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá ńlá. Aago kan ń ka àkókò níbẹ̀. Bí èèyàn bá parí rẹ̀ kíákíá, àwòrán ẹ̀dá tó wà lójú ewé ìbẹ̀rẹ̀ géèmù á yí padà, iṣẹ́jú mẹ́ta sì ni òṣùwọ̀n tó le jù.

Àwọn ẹ̀dà rẹ̀

Ẹgbẹ́ Aeon Genesis ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2010, ilé iṣẹ́ Nicalis gbé e wá sórí WiiWare, ọjà íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ Wii ti Nintendo, pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n tún yà àti ìpele ìṣòro mẹ́ta. Nínú èyí tó le jù, kò sí kápúsù ẹ̀mí kankan, ẹ̀mí mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a dópin. Ẹ̀dà tó ń jẹ́ Cave Story+ jáde lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ẹ̀dà Nintendo 3DS jáde ní ọdún yẹn kan náà, ti Nintendo Switch sì tẹ̀ lé e ní 2017. Orúkọ àwọn ibì kan yàtọ̀ láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà: Grasstown ti ìtumọ̀ àkọ́kọ́ di Bushlands nínú ti Nicalis, èyí tó máa ń da ẹni tó ń tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ láàmú. Ẹ̀dà Windows ti 2004 ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́.