Tẹ́ḿpìlì Jagannath ní Puri

Tẹ́ḿpìlì Jagannath jẹ́ ilé òrìṣà ẹ̀sìn Híńdù ní ìlú Puri, ní ìpínlẹ̀ Odisha, létí òkun ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Íńdíà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta ni wọ́n ń bọ níbẹ̀: Jagannath, tí àwọn olùsìn rẹ̀ gbà pé Krishna tàbí Vishnu, àwọn òrìṣà ńlá ẹ̀sìn Híńdù, ni, Balabhadra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti Subhadra àbúrò wọn obìnrin. Puri wà lára ibi mímọ́ mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù ń fẹ́ dé kí ọlọ́jọ́ tó dé. Badrinath, Dwarka àti Rameswaram ni mẹ́ta yòókù.

Igi dongoyárò ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn òrìṣà náà, ibẹ̀ gan-an ni Puri sì ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì ńlá Íńdíà, níbi tí òrìṣà ti jẹ́ òkúta tàbí idẹ. Igi a máa gbó. Nítorí náà òrìṣà Puri ń wẹ̀, ó ń ṣàìsàn, ó ń rìnrìn àjò, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, ó ń darúgbó, wọ́n sì ń sin ín.

Ìtàn ìwáṣẹ̀

Wọ́n ní ọba kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Indradyumna, ọba ilẹ̀ Malwa. Ó gbọ́ pé òrìṣà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nila Madhava fara pamọ́ síbì kan ní Odisha, ó sì rán àlùfáà Brahmin kan, Vidyapati, pé kó lọ wá a rí. Vidyapati rìn títí ó fi dé abúlé àwọn Sabara, àwọn ọdẹ inú igbó. Viswavasu olórí wọn nìkan ló mọ ihò àpáta tí òrìṣà náà wà. Vidyapati fẹ́ Lalita ọmọ olórí náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àna rẹ̀ pé kó mú òun débẹ̀. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó fi aṣọ dì í lójú. Àlejò náà ti rọ hóró músítádì sínú àpò. Ó ń jù ú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà tí òjò rọ̀, músítádì hù, ọ̀nà ihò àpáta sì hàn gbangba.

Kí ọba tó dé, Nila Madhava ti pòórá. Indradyumna bọ́ sínú ààwẹ̀, a sì sọ fún un lójú àlá pé kó lọ sétí òkun, ìtì igi kan ń bọ̀. Igi dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin gbẹ́nàgbẹ́nà èyíkéyìí tó bá kàn án ló ń kán. Ni bàbá arúgbó kan bá yọjú, ẹni tí àwọn olùsìn gbà pé Vishwakarma, gbẹ́nàgbẹ́nà àwọn òrìṣà, ni. Ó ní òun á gbẹ́ ẹ, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn fún ọjọ́ 21. Nígbà tó yá, wọn ò gbọ́ ìró òòlù mọ́. Olorì Gundicha bẹ̀rù pé bàbá ti kú sínú ilé, ó sì rọ ọba títí ó fi ṣílẹ̀kùn kó tó dọjọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti lọ. Òrìṣà mẹ́ta ló bá níbẹ̀, iṣẹ́ wọn kò tíì parí: kò sí àtẹ́lẹwọ́, kò sí ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ wọn títí dòní, pẹ̀lú ojú roboto ràǹgàndàn tó gba ìdajì orí. Dúdú ni Jagannath, funfun ni Balabhadra, àwọ̀ ìyeyè ni Subhadra.

Ìtàn náà ní ẹsẹ̀ tó fi dúró láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́ḿpìlì. Ìdílé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Daitapati, tí wọ́n ní ọmọ Viswavasu ọdẹ làwọn. Ìdílé mìíràn, Pati Mahapatra, ka ara wọn sí ọmọ Vidyapati. Bí òrìṣà bá ń ṣàìsàn tàbí tó bá kú, ọwọ́ àwọn ọmọ ọdẹ ló máa ń wà. Àwọn ni ẹbí rẹ̀.

Ilé náà àti ohun tójú rẹ̀ rí

Anantavarman Chodaganga, ọba ìdílé Ganga ti ìlà-oòrùn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tó wà níbẹ̀ báyìí ní ọ̀rúndún 12. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga tó mítà 65, odi méjì ló yí i ká, ẹnubodè mẹ́rin ló sì ní: ti Kìnnìún ní ìlà-oòrùn, ti Ẹṣin ní gúúsù, ti Ẹkùn ní ìwọ̀-oòrùn àti ti Erin ní àríwá. Òpó òkúta tó wà níwájú ẹnubodè Kìnnìún kì í ṣe ti Puri látilẹ̀; tẹ́ḿpìlì oòrùn ní Konark ni wọ́n ti gbé e wá ní ọ̀rúndún 18. Lórí ṣóńṣó ilé ni Nilachakra wà, kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n fi àdàlù irin mẹ́jọ rọ. Lójoojúmọ́, ọmọ ìdílé Chunara kan máa ń fẹ̀yìn ti ògiri gun ilé náà láìlo àkàbà tàbí okùn, láti lọ pààrọ̀ àsíá tó wà lórí rẹ̀.

Ogun dé bá Puri léraléra. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn àlùfáà gbé òrìṣà sá, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ pamọ́ sí àwọn erékùṣù inú ọ̀sà Chilika. Èyí tó burú jù ni ti 1568, nígbà tí Kalapahar, balógun Sultan ilẹ̀ Bengal, ya wọ tẹ́ḿpìlì, tó kó àwọn òrìṣà lọ, tó sì dáná sun wọ́n. Ìtàn tẹ́ḿpìlì sọ pé olùsìn kan tó ń jẹ́ Bisar Mohanty tẹ̀ lé wọn, ó yọ ohun mímọ́ tó wà nínú òrìṣà jáde, ó sì gbé e pamọ́ sínú ìlù rẹ̀. Ramachandra Deva, ọba Khurda, ló wá gbẹ́ òrìṣà tuntun, tó dá ìsìn padà kí ọ̀rúndún 16 tó parí. Àwọn Maratha, ìjọba kan láti ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, gba ilẹ̀ náà ní 1751, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1803. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni òfin ìpínlẹ̀ Odisha ti ń darí ìṣàkóso tẹ́ḿpìlì, ṣùgbọ́n Gajapati, ọba Puri, ṣì ni olórí àwọn ìránṣẹ́ òrìṣà.

Ìsìn ojoojúmọ́ àti oúnjẹ

Bí ọba tó wà láàyè ni wọ́n ṣe ń tọ́jú Jagannath. Ní ìdájí wọ́n á tan iná níwájú rẹ̀, wọ́n á mú orín wá fún un láti fi rin ẹnu. Omi kì í kan ara igi. Àwòjíjí idẹ ni wọ́n máa ń gbé síwájú òrìṣà, òjìji rẹ̀ tó hàn nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń da omi lé. Lẹ́yìn náà ni aṣọ, oúnjẹ, oorun ọ̀sán, títí dé orin alẹ́ kó tó sùn.

Ilé ìdáná tẹ́ḿpìlì yìí wà lára àwọn tó tóbi jù lọ láyé. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n fi ń se gbogbo nǹkan, wọ́n á to méje léra lórí ààrò kan, wọn kì í sì lo ìkòkò kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àlùbọ́sà, kò sí áàyù. Ọ̀dùnkún òyìnbó àti tòmátò, tí wọ́n ti òkè òkun wọ Íńdíà, kò wọ ibẹ̀ rí. Bí Jagannath bá ti jẹun tán, wọ́n á gbé oúnjẹ náà fún abo òrìṣà Vimala, ìgbà yẹn ló tó di Mahaprasad, oúnjẹ mímọ́. Wọ́n á wá gbé e lọ sí ọjà Ananda Bazaar nínú ọgbà tẹ́ḿpìlì. Ibẹ̀ ni Brahmin, ìran àlùfáà, àti ẹni tí wọ́n kà sí ìran ìsàlẹ̀ pátápátá ti ń jẹ nínú abọ́ kan náà, ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an nílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ìran ya ènìyàn sọ́tọ̀ nídìí oúnjẹ.

Ọdún ọkọ̀

Nígbà òṣùpá àrànmọ́jú oṣù Jyeshtha nínú kàlẹ́ńdà Híńdù, wọ́n á gbé àwọn òrìṣà síta, wọ́n á fi ìkòkò omi 108 wẹ̀ wọ́n. Ibà á sì mú wọn. Fún nǹkan bí ọjọ́ 15, kò sẹ́ni tó ń rí wọn. Àwọn Daitapati ni yóò máa fi àgbo àti èso tọ́jú wọn nínú yàrá.

Bí ara wọn bá yá, ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, ni Ratha Yatra, ọdún ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ onígi mẹ́ta ni wọ́n ń kàn ní tuntun lọ́dọọdún: Nandighosha ti Jagannath ní kẹ̀kẹ́ 16, Taladhwaja ti Balabhadra ní 14, Darpadalana ti Subhadra ní 12. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn á fi okùn fà wọ́n bíi kìlómítà mẹ́ta lọ sí tẹ́ḿpìlì Gundicha. Lakshmi, ìyàwó Jagannath, ni wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ karùn-ún ó máa ń fi ìbínú wá ọkọ rẹ̀ wá, wọ́n á ṣẹ́ igi kan lára ọkọ̀ Nandighosha lórúkọ rẹ̀. Nígbà tí Jagannath bá sì padà dé, ó máa ń bá ilẹ̀kùn ní títì. Rasagola, midinmíìdìn tí wọ́n fi wàrà ṣe, ló fi ń bẹ̀ ẹ́.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, Gajapati á fi ìgbálẹ̀ onídìí wúrà gbá ilẹ̀ wọn. Ìtàn ńlá kan so mọ́ ọn. Ọba Kanchi, ní gúúsù Íńdíà, kọ̀ láti fi Padmavati ọmọ rẹ̀ fún Purushottama Deva, Gajapati tó jọba ní ìparí ọ̀rúndún 15. Ó ní òun kò ní í fọmọ fún agbálẹ̀. Purushottama gbógun lọ, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ó padà wá sunkún níwájú Jagannath. Nígbà tó tún lọ, obìnrin oníwàrà kan tó ń jẹ́ Manika dá a dúró lọ́nà, ó ní ọmọ ogun méjì ra wàrà lọ́wọ́ òun, ọ̀kan gun ẹṣin dúdú, èkejì gun funfun, òrùka ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n ní ọba ló máa sanwó. Ọba wo òrùka náà, ó rí i pé ti Jagannath ni. Ó ṣẹ́gun, ó mú ọmọ ọba lẹ́rú, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fà á fún agbálẹ̀ kan. Olóyè tí wọ́n fi í ṣọ́ dúró di ọjọ́ ọdún ọkọ̀. Bí ọba ṣe ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ó fa Padmavati lé e lọ́wọ́.

Nabakalebara

Lọ́dún tí oṣù Ashadha bá jẹ́ méjì nínú kàlẹ́ńdà Híńdù, èyí tó máa ń wáyé láàárín ọdún 8 sí 19, òrìṣà á pààrọ̀ ara. Èyí ni wọ́n ń pè ní Nabakalebara. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1969, 1977, 1996 àti 2015. Àwọn Daitapati á fẹsẹ̀ rìn lọ sí tẹ́ḿpìlì Mangala ní Kakatpur, wọ́n á sùn síbẹ̀ kí wọ́n lè lá àlá ibi tí igi wà. Dongoyárò tí wọ́n ń wá gbọ́dọ̀ ní àmì kẹ̀kẹ́ àti ìkarahun òkun lára, kí ẹyẹ má tẹ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀, kí ihò ejò wà nídìí rẹ̀, kí odò tàbí ibi tí wọ́n ti ń sun òkú wà nítòsí. Ní 2015, Kharipadia ní Jagatsinghpur ni wọ́n ti rí ti Jagannath.

Lóru, wọ́n á pa iná ìlú. Àgbà Daitapati, tí wọ́n di lójú, tí wọ́n sì fi aṣọ wé lọ́wọ́, á yọ ohun mímọ́ tí wọ́n ń pè ní Brahma kúrò lára òrìṣà àtijọ́, á fi sínú tuntun. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rí i. Ní 2015 iṣẹ́ náà falẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ìbínú àwọn ará Odisha sì pọ̀. Inú ọgbà Koili Baikuntha ni wọ́n ń sin òrìṣà tó ti gbó sí, àwọn Daitapati á fá orí, wọ́n á sì ṣọ̀fọ̀ bí ẹni tí bàbá rẹ̀ kú.

Ẹni tó lè wọlé

Ẹlẹ́sìn Híńdù nìkan ni wọ́n ń gbà láyè láti wọ inú tẹ́ḿpìlì. Ní 1984 wọ́n dá Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà nígbà náà, padà, torí pé Parsi, ìran ẹlẹ́sìn Zoroaster, ni ọkọ rẹ̀. Fún àwọn tí wọn kò lè wọlé, ère Jagannath kan wà lẹ́nubodè Kìnnìún tí wọ́n lè máa wò látìta, Ratha Yatra sì ni ọjọ́ tí òrìṣà fúnra rẹ̀ jáde sí gbogbo ènìyàn. Salabega, akéwì ọ̀rúndún 17 tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, kò wọ inú tẹ́ḿpìlì rí, ṣùgbọ́n orin ìyìn rẹ̀ sí Jagannath wà lẹ́nu àwọn ará Odisha. Wọ́n ní lọ́dún kan tí Salabega pẹ́ lọ́nà, ọkọ̀ Jagannath kọ̀ láti lọ títí ó fi dé. Sàréè rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ ń gbà, ọkọ̀ Jagannath sì máa ń dúró díẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún.