Láti ìdí igi Tyburn ni Hyde Park ti kọ́ ẹjọ́ rírò

Tí ẹ bá bi àwọn tó ń mú àlejò kiri Lọ́ńdọ̀nù pé ta ló dá Hyde Park, páàkì ńlá àárín ìlú yẹn, sílẹ̀, wọ́n á ní Ọba Henry Kẹjọ ni, ó gbà á lọ́wọ́ àwọn mọ́ńkì Westminster lọ́dún 1536 kó lè máa dọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ọba tó kàn fẹ́ jẹ ẹran ìgbẹ́ ò lè jẹ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ibi tí gbogbo ayé ń lọ sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ilẹ̀ yẹn wà kí Henry tó dé. Orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí Ọba William Kìíní ṣe lọ́dún 1086 ni Eia, ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Geoffrey de Mandeville ló fi ta àwọn mọ́ńkì lọ́rẹ, nígbà tó yá ni wọ́n pín in sí mẹ́ta, Ebury, Neate, àti Hyde. Àwọn kan gbọ́ Hyde wọ́n ní awọ ẹran ni, torí hide ni wọ́n ń pe awọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Òṣùwọ̀n ilẹ̀ ni hide láyé àtijọ́, ìyẹn ilẹ̀ tó lè bọ́ agbo ilé kan, wọ́n sì sábà máa ń kà á sí éékà 120, àmọ́ tí ilẹ̀ bá ṣá ó lè fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu tó máa jẹ níbẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọn àgbẹ̀ tiwa náà tó ń fi iye ebè ka oko mọ nǹkan tí mò ń sọ.

Ibi tí mò ń bọ̀ rèé. Ní igun páàkì yẹn, lápá àríwá sí ìlà-oòrùn, títì méjì tí àwọn ará Róòmù là pàdé níbẹ̀, ọ̀kan lónìí ni Edgware Road, èkejì ni Oxford Street. Oríta ni. Ọmọ Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé oríta fún un, gbogbo ẹni tó ń wọ̀lú àti ẹni tó ń jáde ló ń gba ibẹ̀, ó sì dá mi lójú pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú ibẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn, kí gbogbo ojú lè rí i. Tyburn ni wọ́n ń pè é. Láti 1196 ni àkọsílẹ̀ ti wà, ìgbà tí wọ́n pa William Fitz Osbert, ẹni tó kó àwọn tálákà Lọ́ńdọ̀nù jọ tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí owó orí. Ẹ kíyè sí i o, olùsọ̀rọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ orúkọ ẹ̀ níbẹ̀! Lọ́dún 1571 wọ́n ri òpó mẹ́ta mọ́lẹ̀, wọ́n fi igi mẹ́ta dábùú lórí wọn, ó lè gba èèyàn 24 lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ẹ̀wọ̀n Newgate ni wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé wọn wá, wọ́n á dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n mu ọtí, èrò á ti pé bí ẹni ń lọ òde. Kí wọ́n tó fa kẹ̀kẹ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni náà, wọ́n á fún un láyè kó sọ tẹnu ẹ̀. Àwọn kan tọrọ àforíjì, àwọn kan bú ìjọba, ta ló máa mú ẹni tó ti ń kú lọ? Kódà wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn sí bébà tà fún èrò.

Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni Speakers' Corner ti ṣẹ̀, ìyẹn igun Hyde Park tí ẹnikẹ́ni ti lè dúró sọ tẹnu ẹ̀ fún èrò. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà tí èèyàn fi ń kóra jọ sí igun yẹn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ sọ, àṣà bẹ́ẹ̀ ò lè parẹ́ torí pé wọ́n gbé ìyẹgi lọ sí Newgate lọ́dún 1783. Bí Òkèebàdàn ṣe ń fún ará Ìbàdàn láyè láti sọ ìsọkúsọ ní ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni igi yẹn ṣe fún ẹni tó ń kú láyè. Àwọn olófin ní òfin páàkì ti 1872, tó ṣètò ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba nínú páàkì, ló dá Speakers' Corner sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ ilé fún ọmọ, ṣé òun ló bí i ni?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ò le. Ọba Charles Kìíní ṣí páàkì fún gbogbo èèyàn lọ́dún 1637, ìjọba tó bẹ́ ẹ lórí sì ta ibẹ̀ ní 1652, nígbà tí ọmọ ẹ̀ gorí oyè ni wọ́n gbà á padà. Ní 1665 tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, èèyàn sá wá pàgọ́ síbẹ̀. Ọba William Kẹta tí ásímà ń dà láàmú ń gbé ààfin Kensington lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì, ó wá gbé àtùpà 300 kọ́ ojú ọ̀nà ẹ̀ tó gba inú páàkì nítorí àwọn dánàdánà, ọ̀nà yẹn ni Rotten Row, mo sì gba àwọn tó ní route du roi, ọ̀nà ọba lédè Faransé, ló dìdàkudà. Ayaba Caroline sé odò Westbourne ní 1730, ó di adágún tó wọ́ bí ejò, ìyẹn Serpentine. Èèyàn mílíọ̀nù mẹ́fà ló wá wo àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe nínú ilé gíláàsì Joseph Paxton ní páàkì yẹn ní 1851, wọ́n tú u kó lọ Sydenham.

Ní 1866 ẹgbẹ́ Reform League tó ń bèèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò wá ṣèpàdé, ọlọ́pàá ti géètì, èrò wó irin ọgbà wọlé. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jáde. Àwọn obìnrin tó ń jà fún ìbò kún ibẹ̀ ní 1908, àwọn tó lòdì sí ogun Ìráàkì kún un ní 2003. Orísun omi ìrántí Princess Diana dé ní 2004, kọ́ńsáàtì dé, ọjà Kérésì náà dé.

Òkúta róbótó kan wà nílẹ̀ láàárín títì Edgware Road tó sọ pé ibẹ̀ ni igi Tyburn wà. Tí ẹ bá dúró lórí ẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró lórí àpótí tí wọ́n ń pariwo.